Ta Ni Ò Ń Tọ́jú Mọ́tò Náà Fún?

Nílé wa, iyọ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sá fún. Bí a bá bí ọmọ tuntun, tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, a ó gbé iyọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú oyin, ataare, obì àti orógbó, a ó fi tọ́ ọmọ lẹ́nu, a ó sì ṣàdúrà pé kí ayé rẹ̀ dùn. Mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń súre fún ọmọ pé kí iyọ̀ jìnnà sí i. Àfi ìgbà tí mo dé ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni iyọ̀ wá di ọ̀tá mi. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo fẹ́ sọ o. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ni mo ń wí, iyọ̀ tó ń jẹ mọ́tò. Iyọ̀ yìí ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò, nítorí mi ò rò pé èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá wí.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí ìgbà òtútù Chicago, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, yìnyín lè já nígbàkigbà. Kì í ṣe yìnyín oníkóró tí àwa ọmọdé máa ń ṣà jẹ nínú òjò nílé o. Èyí funfun bí òwú, jẹ́jẹ́ ló ń bọ́, kì í pariwo. Ìgbà tí ẹ bá fi máa jí láàárọ̀, ó ti bo títì, ó ti bo mọ́tò, ẹ ò mọ èyí tí í ṣe tiyín mọ́. Ní ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2011, èyí tó já ga ju 20 íǹṣì lọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún mọ́tò ló há sójú títì Lake Shore Drive létí adágún Michigan lóru ọjọ́ náà, tọkọ̀ tèrò inú wọn.

Kí ọkọ̀ lè rìn, ìjọba ìlú a kó ọkọ̀ ńláńlá jáde. Iwájú wọn ń ti yìnyín sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀yìn wọn ń fọ́n iyọ̀. Iyọ̀ inú ilẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ń wà lábẹ́ ìlú Detroit, níbi tó jìn ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, tí òkun ti wà rí kí ọmọ ènìyàn tó dé ayé. Omi tó bá ní iyọ̀ nínú kì í tètè dì, ìdí nìyẹn tí yìnyín fi ń yọ́ lójú títì. Bí òtútù bá wá le kọjá nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 9 sísàlẹ̀ òdo, agbára iyọ̀ lásán a bẹ̀rẹ̀ sí í dín, wọ́n a sì po oògùn mìíràn mọ́ ọn. Gbogbo omi iyọ̀ yìí, abẹ́ mọ́tò ló ń ta sí. Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ló ń pàdé tí irin fi ń dógùn-ún. Iyọ̀ a wá jẹ́ kí iṣẹ́ wọn yá wàràwàrà.

Ó dáa. Ní ọdún 2012, mo ra mọ́tò sípọ́ọ̀tù kékeré kan, àlòkù, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1990. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ má baà ní wọ́n fún mi lówó. Oníjòókòó méjì ni, ó pupa bí ata rodo, aṣọ ni òrùlé rẹ̀, tí a lè ká sẹ́yìn bí oòrùn bá yọ. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama n'Íbàdàn ni irú mọ́tò yẹn ti ń wù mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ òru ní Amẹ́ríkà kí n tó rí owó rẹ̀ kó jọ lẹ́yìn owó ilé, owó iléèwé àwọn ọmọ àti owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wà á létí adágún, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi lórí, mo rò pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi tán.

Àwọn tó mọ Chicago ló gbà mí nímọ̀ràn pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí iyọ̀ kan mọ́tò yẹn. Mo wá ṣe bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe níbẹ̀: mo ra jálòpì kan fún ìgbà òtútù, kí iyọ̀ máa jẹ ìyẹn. Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, n ó fọ sípọ́ọ̀tù náà tinú tẹ̀yìn. N ó rọ epo kún táǹkì rẹ̀ bámúbámú, kí omi má baà ráyè dì sínú rẹ̀, n ó sì bu oògùn tí kì í jẹ́ kí epo bàjẹ́ sí i. N ó fẹ́ táyà rẹ̀ kó le, kí ojú kan má baà tẹ́ bó bá dúró pẹ́. Mi ò ní fa búrẹ́ẹ̀kì ọwọ́ rẹ̀, kó má baà lẹ̀ típẹ́. N ó fi kànrìnkàn onírin dí ẹnu sálẹ́ǹsà kí eku má wọlé. N ó so bátìrì rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń rọra fún un ní iná. Lẹ́yìn náà, n ó fi aṣọ rírọ̀ bò ó. Ìyàwó mi a máa sọ pé aṣọ tí mo fi ń bo mọ́tò náà rọ̀ ju bùláńkẹ́ẹ̀tì tí mo rà fún òun lọ. N ó rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sì sọ.

Báyìí ni a ṣe bá a dé ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 2014. Ọjọ́ Ajé ni. Òtútù ọjọ́ náà dé nǹkan bí ìwọ̀n 27 sísàlẹ̀ òdo. Wọ́n ti iléèwé pa. Bí ènìyàn bá mí síta, èémí a di èéfín lójú ẹ̀.

Bàbá kan ń gbé lókè wa nígbà náà, Bàbá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti ṣe tíṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọmọ wọn tó mú wọn wá sí Amẹ́ríkà. Kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lọ sí ọsibítù kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ rẹ̀ jẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tíì tán ni mo gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ wọlé, Bàbá, òtútù ń bẹ níta."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o jí ire? Bọ̀dá rẹ kò lè dé láti ibi iṣẹ́ tó lọ, wọ́n ní ọkọ̀ òfuurufú ò fò. Mo pe tasín, wọn ò gbé fóònù. Ṣé wàá lè bá mi dé ọsibítù?"

Mo ní kò burú. A jọ sọ̀ kalẹ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́ jálòpì. Ó ní kẹ̀ẹ́, ó dákẹ́. Mo tún un yí, kò tilẹ̀ dún mọ́. Òtútù a máa fa agbára bátìrì gbẹ, pàápàá èyí tó bá ti gbó. Bàbá dúró nínú yìnyín, wọ́n fi sikáàfù wé etí, wọ́n wo ọ̀kánkán ilẹ̀kùn gáréèjì.

"Èyí tó wà nínú ibẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Ah, Bàbá, táyà rẹ̀ ò dáa fún yìnyín, sà."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó. Òótọ́ ni pé táyà ẹ̀ẹ̀rùn ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo pa, irọ́ tó gbé òótọ́ wọ̀ bí agbádá. Ojú títì ti funfun fún iyọ̀ bí ẹni da ẹfun sí i, iyọ̀ yẹn ni mo ń rò. Èyí tó wá burú jù ni pé wáyà tí a fi ń fa iná láti bátìrì kan sí òmíràn wà nínú búùtù jálòpì níbẹ̀. Bátìrì sípọ́ọ̀tù kún fọ́fọ́. Gbogbo ìgbà òtútù ni mo fi ń bọ́ ọ ní iná. Bí mo bá ṣí gáréèjì, tí mo ti mọ́tò náà síwájú díẹ̀, tí mo fa wáyà láàrin àwọn méjèèjì, jálòpì ì bá ta kíá. Iyọ̀ kankan kò ní kan nǹkan kan. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sọ sí mi lọ́kàn. Láti ọdún méjì tí mo ti ń ṣọ́ mọ́tò yẹn, ohun tó yẹ ká gbà sílẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n sí; mi ò rò ó rí pé ó lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Bàbá ní kò séwu, àwọn á wọ bọ́ọ̀sì. Mo bá wọn dé ẹnu géètì. Mo padà wọlé torí òtútù.

Ní ibùdókọ̀, àwọn akóyìnyín ti gbá yìnyín jọ sétí títì bí òkìtì. Bàbá fẹ́ gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ kí wọ́n lè wọ bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ wọ́n yọ̀, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbára lé ilẹ̀. Ọrùn ọwọ́ náà ṣẹ́. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà fọ ẹ̀jẹ̀ wọn, a dúpẹ́ pé kì í ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà. Ó jiná nígbà tó yá, àmọ́ lẹ́tà tí wọ́n máa ń kọ sí àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, tí ìlà rẹ̀ máa ń tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi dolóògbé ní ọdún 2018.

Mo lọ kí wọn nígbà tí wọ́n dé láti ọsibítù. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun á ti yọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Ta ni ò ń tọ́jú mọ́tò náà fún?"

Mo ní, "Fún ara mi ni, sà."

"Ìwọ náà kì í sì í gùn ún."

"Mò ń gùn ún lẹ́ẹ̀rùn, Bàbá."

"Ìgbà mélòó?"

A bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. A yọ ọjọ́ òjò kúrò, a yọ ọjọ́ iṣẹ́ kúrò, a yọ ọjọ́ tí oòrùn bá mú jù tí mo máa ń bẹ̀rù pé ọ̀dà rẹ̀ á ṣá. Ọjọ́ tó ṣẹ́ kù nínú odidi ọdún kò pé ọgbọ̀n. Bàbá kò bá mi wí. Wọ́n kàn mi orí, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé omi. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sílé, òun ni mo sì ń gbé kiri títí di òní.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí, "tọ́jú." Nínú èdè wa, à ń tọ́jú aláìsàn, à ń tọ́jú ọmọ, à ń tọ́jú arúgbó. Ọ̀rọ̀ kan náà la tún ń lò bí a bá kó owó pamọ́: a ní a tọ́jú owó. A tọ́jú aṣọ sínú àpótí. A tọ́jú ẹran sílẹ̀ de àlejò. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ń fẹ́ kó dìde kó máa rìn. Ẹni tó ń tọ́jú owó pamọ́ kò fẹ́ kó kúrò lójú kan. Ọ̀rọ̀ kan ni, ohun méjì ló wà nínú rẹ̀, ó sì rọrùn kí ènìyàn máa ṣe ọ̀kan kó máa fi orúkọ èkejì yin ara rẹ̀. Mo ń pe ara mi ní ẹni tó mọ nǹkan tọ́jú. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń kó mọ́tò pamọ́.

Mo mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ra àga pálọ̀ mẹ́rin nígbà tí mo wà ní kékeré, wọn ò sì yọ ọ̀rá tó wà lára rẹ̀. Àwa ọmọ ò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀, ilẹ̀ la ń jókòó sí. Wọ́n ní àlejò là ń dè. Bí àlejò bá wá dé, ọ̀rá yẹn á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ nínú ooru, á máa dún wàyàwàyà bó bá fẹ́ yíra, àlejò náà á sì tètè dágbére. Ìgbà tí wọ́n máa fi yọ ọ̀rá náà, tìmùtìmù abẹ́ rẹ̀ ti rún. Mo ti fi ìtàn yìí pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rìn-ín ní Chicago, láìmọ̀ pé àga yẹn ni mo gbé sí gáréèjì.

Àmọ́ ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé kò yẹ ká fi nǹkan pamọ́ ni? Ó yẹ kẹ̀. Àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, bí ilẹ̀ kò bá fi wọ́n pamọ́ ni, kí ni à bá rí lónìí? Aṣọ sányán tí ìyá fi pamọ́ fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ta ló lè bú u? Mo rò ó títí. Ohun tí mo rí ni pé nǹkan wọ̀nyí ní ẹni tí a fi wọ́n pamọ́ fún. Ọmọ ń bọ̀ wá ro sányán. Ẹni tó bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé á rí orí idẹ, á sì mọ irú ọwọ́ tí àwọn baba wa ní. Ìbéèrè Bàbá Tíṣà ní ìdáhùn níbẹ̀. Ní tèmi, kò sí ẹni tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ mi kò tilẹ̀ fẹ́ mọ́tò náà; wọ́n ní kò gba èrò.

Ohun tó tún wá dójú tì mí ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà. Mo gbé mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó gbé e sókè, ó fi sukudiráfà tẹ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú táyà ẹ̀yìn. Sukudiráfà wọlé bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gún àkàrà. Mo kígbe. Họ́wù! Mọ́tò tí iyọ̀ ò kàn rí lọ́wọ́ mi? Ó wá fi hàn mí: ihò kékeré wà lẹ́yìn ìjókòó níbi tí omi òjò tó bá dà sórí òrùlé aṣọ ń gbà ṣàn jáde. Ewé ti dí i. Omi tí mo fi ń fọ̀ ọ́ fínnífínní kí n tó bò ó, inú irin ẹ̀gbẹ́ ló dúró sí, tó ń jẹ ẹ́ nínú òkùnkùn ní gbogbo oṣù tí mo fi aṣọ bò ó. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò rẹ̀ lójoojúmọ́, á gbọ́ omi tó ń mì nínú rẹ̀. Èmi ò gbọ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ẹ ó rò pé ọgbọ́n ti dé nígbà náà. Rárá o, òmùgọ̀ mìíràn ló kàn. Inú bí mi sí ara mi. Mo ta jálòpì. Mo ní láti òní lọ, sípọ́ọ̀tù ni n ó máa gùn, nínú yìnyín, nínú iyọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí n gbé òun, n ó gbé e. Mo rò pé bí mi ò bá ti bìkítà fún mọ́tò mọ́, mo ti di ọmọlúàbí nìyẹn. Mi ò pààrọ̀ táyà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, mo gbé ọ̀rẹ́ mi kan láti ibi iṣẹ́ lóru. Mọ́tò yìí, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, ẹ̀yìn náà sì fúyẹ́. A dé ìkọ́nà kan, mo tẹ epo díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ̀, ó yí pòòyì lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀. Òkìtì yìnyín ló dá wa dúró. Lẹ́yìn òkìtì náà, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, obìnrin kan wà pẹ̀lú ọmọ tó fà lọ́wọ́, wọ́n ń retí bọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Obìnrin yẹn ṣì ń wò mí lójú oorun mi.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó kó nǹkan pamọ́ nítorí iyì rẹ̀, àti ẹni tó ń lò ó bí ohun tí kò níyì, àwọn méjèèjì kò rí ènìyàn tó dúró níwájú wọn. Èkínní fi ènìyàn sílẹ̀ nínú òtútù. Èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ènìyàn pa. Àbí kí ni ìyàtọ̀?

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú mọ́tò náà lọ́nà mìíràn. Mo ra táyà òtútù mẹ́rin, èyí tí wọ́n ya àwòrán òkè olórí mẹ́ta sí lára pẹ̀lú yìnyín nínú rẹ̀. Rọ́bà táyà ẹ̀ẹ̀rùn a máa le gbagidi bí òtútù bá ti wá sísàlẹ̀ ìwọ̀n 7, kò ní lè di títì mú mọ́. Ti òtútù rọ̀, ó sì ní ọ̀pọ̀ ìlà tí ń gé yìnyín. Kó tó di oṣù kọkànlá, wọ́n á bá mi fín ọ̀rá tí wọ́n ń rí lára irun àgùntàn sí abẹ́ mọ́tò náà àti sínú irin ẹ̀gbẹ́, kí omi iyọ̀ má ráàyè lẹ̀ mọ́ irin. Bí òtútù bá rọlẹ̀ díẹ̀, mo máa ń fi omi fọ abẹ́ rẹ̀. Mi ò gbé e sínú gáréèjì gbígbóná pẹ̀lú iyọ̀ lára, nítorí ooru a máa jẹ́ kí iyọ̀ yára jẹ irin ju òtútù lọ. Mo ń ti ìka bọ ihò ẹ̀yìn ìjókòó láti kó ewé kúrò. Bí òtútù bá mú, mi ò jẹ́ ká òrùlé sẹ́yìn, torí ọ̀rá tí wọ́n fi ṣe fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ lè fọ́ bí àwo. Bí yìnyín bá sì ga ju abẹ́ mọ́tò lọ, ilé ló ń wà, èmi náà a sì wọ ọkọ̀ ojú irin.

Iṣẹ́ yìí pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí n má tàn yín. Aṣọ ìbora rọrùn. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà kò gba mọ́tò lọ́wọ́ ikú. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò pàápàá ti bá ìpáàrà jà tipẹ́. Corvette tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1953, wọn ò fi irin ṣe ara rẹ̀ rárá, síbẹ̀ ṣáásí tó wà lábẹ́ rẹ̀, irin ni. Iléeṣẹ́ Porsche bẹ̀rẹ̀ sí í fi síńkì bo irin ara mọ́tò wọn láàrin ọdún 1970 sí 1979, ìyẹn sì mú kó pẹ́ gan-an, àmọ́ kò sọ ọ́ di ohun ayérayé. Gbogbo ohun tí à ń lò ló ń tán. Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ ni láti mọ ohun tí a fẹ́ kí ó tán sí.

Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kìíní ọdún 2019, òtútù tó le ju gbogbo ìyẹn lọ dé. Ó wọ nǹkan bí ìwọ̀n 31 sísàlẹ̀ òdo. Àwọn alálẹ́tà kò jáde. Ní ojú irin rélùwéè, iná ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin kí ibi tí ọkọ̀ ti ń yà má baà dì pa. Nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, mo gbọ́ kẹ̀ẹ́, kẹ̀ẹ́, kẹ̀ẹ́ lójú títì wa. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé níwájú ilé wa ni, mọ́tò rẹ̀ kò ta, ó sì gbọ́dọ̀ dé ẹnu iṣẹ́ kí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru lè lọ sílé. Mo wọ aṣọ mẹ́ta lé ara wọn, mo ṣí gáréèjì. Sípọ́ọ̀tù náà ta. Mo gbé e jáde, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fa wáyà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹn fi máa lọ, bàbá kan láti ilé kejì ti dúró, ó ní òun náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan tún dé. Mọ́tò mẹ́ta ló gba iná lára mọ́tò mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọwọ́ mi dùn mí títí di ọ̀sán. Ìyàwó mi dúró lójú fèrèsé, ó ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bora, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rántí Bàbá Tíṣà, omi sì bọ́ lójú mi, ó dì sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́.

Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ mi. Ìgbà tí mo wà nílé, tí ooru ń mú, mo ti ń sọ òwe yẹn lásán. Òtútù Chicago ló jẹ́ kí n mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ má ní mọ́tò sípọ́ọ̀tù, kí ẹ má sì rí yìnyín rí. Àmọ́ ẹ wo inú ilé yín. Ó lè jẹ́ yàrá àlejò tí ẹ tì pa nígbà tí àbúrò yín ń wá ibi tí yóò sùn. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ mọ̀ tí ẹ ò fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ owó. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè Bàbá Tíṣà. Bí ẹ bá rí orúkọ ènìyàn kan fi dáhùn, ẹ máa tọ́jú rẹ̀ lọ, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹni náà bá a. Bí ẹ ò bá rí orúkọ kankan, ẹ ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì.

Mẹkáníìkì pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ihò mìíràn tún ti yọ lábẹ́ mọ́tò náà, lápá ọ̀tún. Ó ní owó tí òun fẹ́ gbà lórí rẹ̀ lè ra jálòpì kan. Mo ní kó jó o pọ̀, kó sì ṣe é kíá, nítorí oṣù kọkànlá ń bọ̀.